Ojú Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Kọ́, Ọwọ́ Á Tẹ̀lé E

Àwòrán kíkùn ti di ohun tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń fẹ́ kọ́ lóde òní. Òṣìṣẹ́ báńkì ń fi òpin ọ̀sẹ̀ kọ́ ọ, ẹni tó fẹ̀yìn tì ń kọ́ ọ, ìyá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ náà ń kọ́ ọ. Ní Èkó, wọ́n a kó ara wọn jọ sí gbọ̀ngàn kan, wọ́n a gbé wáìnì kalẹ̀, olùkọ́ a dúró níwájú, gbogbo wọn a sì máa fi ọ̀dà tọ ipasẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwòrán kan náà ni olúkúlùkù yóò gbé lọ sílé. Fàájì gidi ni, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí fàájì. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ bá yí po, ẹ ní kí ẹni náà kun ife tó wà lórí tábìlì rẹ̀, ẹ ó rí i pé kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ olùkọ́ ló yá lò lọ́jọ́ náà. Ojú tirẹ̀ kò tíì kọ́ nǹkan kan.

Ohun tí mo ní láti sọ fún ẹni tó ń kọ́ni ní àwòrán, àti fún ẹni tó ń wá olùkọ́, kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀kọ́ ojú ló ṣáájú. Ẹni tó bá ti mọ nǹkan wò, ìbáà jẹ́ ọ̀dà ákírílíìkì, ìbáà jẹ́ ọ̀dà olóròóró, ọwọ́ rẹ̀ á bá a láìpẹ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n wò, bí ẹ ra gbogbo àwọ̀ tó wà lọ́jà fún un, kánfáàsì ni yóò máa bàjẹ́. Ìtàn àwòrán nílẹ̀ wa fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i.

Ìjẹ̀bú-Òde àti Òṣogbo

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí Àìná Ọnàbólú ní 1882. Nígbà tó wà lọ́mọdé, kò sí ilé-ìwé kankan lágbègbè wa tó ń kọ́ ọmọ ní àwòrán kíkùn. Inú ìwé òyìnbó ló ti ń rí àwòrán, ó sì ń dà á kọ títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ ọn. Ní 1906 ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, èyí tí àwọn onímọ̀ ṣì ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ìpìlẹ̀ àwòrán ìgbàlódé ní Nàìjíríà. Kò jókòó sórí ìyẹn. Ní 1920 ó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní St John's Wood, ó tún dé Académie Julian ní Párísì, ó sì padà wá sí Èkó láti máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé bíi King's College àti CMS Grammar School.

Ẹ̀kọ́ Ọnàbólú kò gba gbẹ̀rẹ́. Ìlànà ló fi ń kọ́ni: bí òpópónà ṣe ń tín-ín-rín bó ti ń jìnnà, bí orí òrùlé àti ìsàlẹ̀ ògiri ṣe ń darí sí ojú kan náà lọ́ọ̀ọ́kán, bí ẹ̀yà ara èèyàn ṣe wà ní ìwọ̀n sí ara wọn. Ó ní ìdí tó fi le bẹ́ẹ̀. Àwọn aláṣẹ òyìnbó ìgbà náà kò gbà pé adúláwọ̀ lè ya èèyàn kó jọ èèyàn, wọn kò sì rí ìdí tí wọ́n fi máa kọ́ ọmọ wa ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọnàbólú fi búrọ́ọ̀ṣì dá wọn lóhùn. Òun náà ló ń rọ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ kún un, tí Kenneth Murray fi dé ní 1927. Murray ní tirẹ̀ kò fẹ́ kí àwọn ọmọ máa ṣe bí òyìnbó. Ó ní kí wọ́n máa wo ìlú wọn àti iṣẹ́ ọnà àwọn baba wọn. Ben Enwonwu wà lára àwọn tó kọ́.

Ọ̀nà mìíràn pátápátá ni ti Òṣogbo. Ní 1962, Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier dá ẹgbẹ́ Mbari Mbayo sílẹ̀ níbẹ̀. Denis Williams, ayàwòrán ọmọ orílẹ̀-èdè Guyana, wá darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, nígbà tó sì di 1964, Georgina Beier ṣe tirẹ̀. Àwọn tó wá kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń bá ẹgbẹ́ eléré Dúró Ládiípọ̀ ṣeré. Jímọ̀ Bùràímọ̀ ló ń bójú tó iná orí ìtàgé. Táíwò Ọláníyì, tí ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven, oníjó ni. Georgina kò gbé àwòrán ẹnikẹ́ni kalẹ̀ pé kí wọ́n máa dà á kọ. Ó fún wọn ní ohun èlò, ó ń wo ibi tí ọwọ́ olúkúlùkù bá fà sí, ó sì ń tì wọ́n lẹ́yìn níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Bùràímọ̀ ṣe di ẹni tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán, tí Twins Seven-Seven di ẹni tó ń fi ìlà wẹ́wẹ́ kún ojú bébà títí àwọn iwin inú rẹ̀ kò fi ní ibi tí wọn ó fẹsẹ̀ sí mọ́, tí Mùráínà Oyèlámì àti Rufus Ògúndélé sì rí ọ̀nà tiwọn.

Àwọn olùkọ́ ṣì máa ń jiyàn lórí èyí tó dára jù nínú méjèèjì. Ẹnì kan á ní láìsí ìlànà, iṣẹ́ kò lè dúró. Ẹlòmíràn á ní ìlànà ló ń pa ẹ̀bùn ọmọ. Èrò tèmi ni pé ohun kan náà ni wọ́n jọ ń kọ́ni. Ọnàbólú ń kọ́ ọmọ láti wo ohun tó wà níwájú rẹ̀ dáadáa. Òṣogbo ń kọ́ni láti wo ohun tí a ti fi sórí pákó, kí ìlà àkọ́kọ́ fi ibi tí èkejì máa gbà hàn wá. Kò sí èyí tó fi ọwọ́ olùkọ́ rọ́pò ojú akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nílò méjèèjì: ti Ìjẹ̀bú-Òde ni kó kọ́kọ́ gbà, ti Òṣogbo a sì wá bá a lójú ọ̀nà.

Igbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé

Ákírílíìkì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Omi ni a fi ń pò ó, omi ni a fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kò ní òórùn tó ń múni lórí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì fi ń gbẹ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣi ibì kan kùn, kó mú sùúrù díẹ̀, kó kun òmíràn lé e. Ẹ̀rù àṣìṣe ló ń lé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kúrò nídìí àwòrán, ákírílíìkì sì ń pa ẹ̀rù náà. Ọ̀dà tuntun ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ olóròóró. Ọdún 1955 ni èyí tí omi ń pò ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sọ́jà fún àwọn ayàwòrán ní Amẹ́ríkà. Ọnàbólú kò ní irú rẹ̀ nígbà tó ń kọ́ ara rẹ̀.

Ẹ wá igbá kan tí kò ní fínfín lára. Ẹ dojú rẹ̀ dé orí aṣọ funfun, kí fèrèsé wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀, kí ẹ sì pa iná gílóòbù, kó má baà jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ méjì ni yóò máa bá ara wọn jà. Àwọ̀ méjì péré ni kí ẹ fi síwájú akẹ́kọ̀ọ́: funfun, àti búráùn tó dúdú, èyí tí wọ́n ń pè ní burnt umber. Kó kọ́kọ́ pò wọ́n sí ìpele márùn-ún, láti èyí tó funfun jù dé èyí tó dúdú jù, kó tò wọ́n sórí bébà kan. Àtẹ̀gùn yẹn ni yóò máa fi wọn gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ bá rí.

Lẹ́yìn náà, kó dijú díẹ̀ wo igbá náà, bí ẹni tí oòrùn ń pa lójú. Bí ojú bá ti kéré báyẹn, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ á pòórá, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ló máa kù. Yóò rí apá tó kọjú sí fèrèsé, tó mọ́lẹ̀ jù. Yóò rí àárín, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Yóò rí ẹ̀yìn tó ṣókùnkùn. Bó bá tún fara balẹ̀, yóò rí i pé nísàlẹ̀ ẹ̀yìn tó ṣókùnkùn náà, ìmọ́lẹ̀ kékeré kan tún wà, torí pé aṣọ funfun ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ara igbá. Òjìji tí igbá dà sórí aṣọ sì dúdú jù lábẹ́ etí igbá gan-an, ó ń ṣá bó ti ń jìnnà.

Ibí yìí ni àṣìṣe méjì ti máa ń wọlé fún gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Èkíní, á fi ìlà dúdú yí igbá po. Kò sí ìlà kankan lára igbá. Òun ló mọ̀ pé igbá ní etí, ó sì kun ohun tó mọ̀ dípò ohun tó rí. Níbi kan, etí igbá mọ́lẹ̀ ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Níbòmíràn, ó ṣókùnkùn jù ú lọ. Ibì kan wà tí ẹ̀yìn igbá àti òjìji rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan. Èkejì, bó bá ti rí ìmọ́lẹ̀ kékeré tó ń ti ara aṣọ padà wá, inú rẹ̀ á dùn débi pé á kùn ún kó mọ́lẹ̀ bí apá tó kọjú sí fèrèsé, igbá á sì pẹlẹbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ ní kó dijú díẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Inú òkùnkùn ni ìmọ́lẹ̀ yẹn wà, kò gbọdọ̀ bá ti fèrèsé dọ́gba.

Ákírílíìkì ní ìwà tirẹ̀ tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ sọ ṣáájú. Ó máa ń dúdú sí i díẹ̀ bó bá gbẹ, nítorí náà kí a pò ó kó mọ́lẹ̀ ju bí a ṣe fẹ́ lọ díẹ̀. Bó bá gbẹ sára búrọ́ọ̀ṣì, búrọ́ọ̀ṣì náà ti lọ nìyẹn, ẹ má ṣe jẹ́ kó kúrò nínú omi láìfọ̀. Lásìkò ọyẹ́, ọ̀dà á gbẹ lójú pálẹ́ẹ̀tì kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbójú sókè. Ẹ tẹ́ aṣọ tó tutù sínú àwo pẹrẹsẹ, ẹ tẹ́ bébà tí epo kì í tètè rin lé e, orí rẹ̀ ni kí ẹ máa pò ó sí. Ọ̀dà á wà ní tútù fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Àwọ̀ ara wa

Lẹ́yìn igbá ni kí àwọ̀ tó wọlé. Pupa kan, yẹ́lò kan, búlúù kan àti funfun ti tó. Àpótí tó kó àwọ̀ mẹ́rìnlélógún tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ dára lójú, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ni ní ọ̀lẹ: ẹni tó bá ti rí ewé tútù nínú tíúbù kò ní kọ́ bí yẹ́lò àti búlúù ṣe ń bí i. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi gbogbo ọjọ́ kan pò wọ́n, kó rí i pé bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé, búráùn ni wọ́n ń dà, àti pé bó ti dín búlúù kù díẹ̀, búráùn náà á móoru.

Búráùn yìí ló gbé wa dé orí kókó tí ọ̀pọ̀ ìwé ìkọ́ni láti òkè òkun kì í dúró lé: bí a ṣe ń kun ara adúláwọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á mú búráùn kan látinú tíúbù, á kùn ún sí gbogbo ojú. Bó bá fẹ́ kí iwájú orí mọ́lẹ̀, á da funfun sí i. Bó bá fẹ́ kí abẹ́ àgbọ̀n ṣókùnkùn, á da dúdú sí i. Ẹni tó wà nínú àwòrán á wá rí bí ẹni tó wẹ̀ lásìkò ọyẹ́ tí kò fi ìpara pa ara. Funfun ti gba ooru ara rẹ̀, dúdú ti gba ẹ̀mí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó wo ojú èèyàn gidi lẹ́bàá fèrèsé. Iwájú orí tó ń dán gba díẹ̀ nínú àwọ̀ ojú ọ̀run tó wọlé sí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní pupa nínú. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń rẹlẹ̀, bí ẹ̀gbẹ́ imú, máa ń móoru bíi bàbà. Inú òjìji ní búlúù tàbí àwọ̀ elésè àlùkò. Nítorí náà, burnt sienna, búráùn tó ní pupa nínú, ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó mọ́lẹ̀, ẹ fi yellow ochre gbé e sókè kí ẹ tó fi ọwọ́ kan funfun. Bí ẹ bá fẹ́ kó ṣókùnkùn, ẹ da búlúù ultramarine sí i. Ultramarine àti burnt umber tí a pò pọ̀ ń fúnni ní dúdú kan tó jinlẹ̀ ju dúdú inú tíúbù lọ.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ búlúù inú ara dúdú bá yà lẹ́nu, kó lọ wo iṣẹ́ Yusuf Grillo. Ọmọ Èkó ni, 1934 ni wọ́n bí i, ó sì kú ní 2021. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Zaria, ó sì di ọ̀gá ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yábàá, níbi tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán ti gba ọwọ́ rẹ̀ jáde. Búlúù ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n: àwọn obìnrin gíga tó fi gèlè wé, tí ara wọn àti aṣọ wọn ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti inú aró kan náà. Ẹ mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lójúkojú. Ilé ọnà Nike wà ní Lẹkki, Ilé Ìkóhun-ọnà Yemisi Shyllon ní Pan-Atlantic University sì ti ṣí láti 2019. Fóònù kò lè fi bí ọ̀dà ṣe nípọn hàn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ bí búrọ́ọ̀ṣì ṣe kọjá níbẹ̀.

Ọ̀dà olóròóró fẹ́ sùúrù

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lè fi ákírílíìkì kun igbá, ìkòkò, ọsàn àti ojú kan, ó tó kó fọwọ́ kan ọ̀dà olóròóró. Omi inú ákírílíìkì ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́. Ti olóròóró yàtọ̀. Òróró linseed tó wà nínú rẹ̀ ń gba ọ́síjìn látinú afẹ́fẹ́, ó sì ń le díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ ló lè gbà kí ojú rẹ̀ tó gbẹ. Ìdí nìyẹn tí a kò fi lè fi epo pupa tàbí òróró ẹ̀pà dípò rẹ̀: àwọn yẹn kì í gbẹ láéláé. Wọ́n wúlò níbòmíràn ṣá. Òróró ẹ̀pà díẹ̀ á yọ ọ̀dà kúrò lára búrọ́ọ̀ṣì, ọṣẹ á sì kó ìyókù.

Ẹwà olóròóró wà nínú pípẹ́ tó ń pẹ́ kó tó gbẹ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí a kùn láàárọ̀ ṣì tutù nírọ̀lẹ́, a lè fa ìmọ́lẹ̀ wọ inú òjìji láìsí ààlà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ó ní òfin mẹ́ta tí olùkọ́ kò gbọdọ̀ fi ṣeré. Àkọ́kọ́, kánfáàsì gbọ́dọ̀ ní ọ̀dà àkọ́kùn, gẹ́sò, nígbà méjì ó kéré tán, torí òróró máa ń jẹ aṣọ tó bá kàn án ní tààrà. Ọ̀dà ilé funfun tí àwọn kan ń lò dára fún ìdánrawò, kò dára fún iṣẹ́ tí a fẹ́ kó dàgbà. Èkejì, ìpele ìsàlẹ̀ ni kí òróró rẹ̀ kéré jù, kí èyí tó bá wà lókè máa ní òróró sí i. Bí ti òkè bá gbẹ ṣáájú ti ìsàlẹ̀, yóò sán. Ẹ̀kẹta, a lè kun olóròóró lé ákírílíìkì tó ti gbẹ. A kò gbọdọ̀ kun ákírílíìkì lé olóròóró, yóò bó dànù ni. Èyí tilẹ̀ jẹ́ àǹfààní: akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ákírílíìkì to ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀, kó fi olóròóró parí rẹ̀ lọ́sàn-án. Bó bá parí, kó fún iṣẹ́ náà ní oṣù mẹ́fà ó kéré tán kó tó fi fáníìṣì pa á.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣe é fi falẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé bí ẹ bá ń fi turpentine po ọ̀dà olóròóró. Ẹ má fi ọwọ́ tó ní ọ̀dà jẹun, torí oró wà nínú àwọn àwọ̀ kan. Àkísà tó bá ti mu òróró linseed, ẹ má ká a jọ jù sí kọ̀rọ̀. Bí òróró náà ti ń gba afẹ́fẹ́, ó ń mú ooru jáde. Bí àkísà bá wà ní òkìtì, ooru náà lè dá iná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sínú omi.

Ọwọ́ olùkọ́

Kò sí ẹni tó ti kọ́ àgbàlagbà ní àwòrán tí kò mọ ohùn yìí: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún imú yìí ṣe." Ó máa ń wuni láti gba búrọ́ọ̀ṣì. Ìṣẹ́jú kan, imú á ti bọ́ sípò, akẹ́kọ̀ọ́ á dúpẹ́, àwòrán á dára. Ṣùgbọ́n ẹni náà kò ní kúrò níbi tó wà, torí imú ọ̀gá ló gbé lọ sílé. Ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, níbo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá? Èwo ló ṣókùnkùn jù, ẹ̀gbẹ́ imú ni tàbí abẹ́ rẹ̀?" Bó bá pọn dandan láti fi hàn án, ẹ fi hàn án lórí bébà mìíràn, kí kánfáàsì rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ látòkè délẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Níkẹyìn, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yan ohun tí yóò kùn. Ìgbà yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ Òṣogbo tó dé. Ẹni tó ti mọ ìmọ́lẹ̀ wò, tó ti mọ àwọ̀ pò, ẹ má tún gbé fọ́tò sí i níwájú. Ẹ bi í ní ohun tó ń rí lọ́kàn. Ẹnì kan á fẹ́ ọjà alẹ́, ẹlòmíràn á fẹ́ ojú ìyá rẹ̀, òmíràn á fẹ́ kun ohun tí kò sí ẹni tó lè dá orúkọ rẹ̀ mọ̀. Bí ara àwòrán rẹ̀ bá wá kọ̀ láti tẹ̀lé òfin igbá, ẹ má yára tún un ṣe. Ẹ jọ wò ó, kí ẹ bi í bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Bó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ó ti di ayàwòrán.

Àwọn ilé-ìwé wa tó ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ọnà lórí pátákó ìkọ̀wé nìkan, tí ọmọ ń kọ ìtumọ̀ àwọ̀ sínú ìwé láìfọwọ́ kan ọ̀dà rí, lè yí i padà láìná owó ńlá. Igbá kò wọ́n. Fèrèsé wà nínú gbogbo kíláàsì. Ọ̀dà méjì àti búrọ́ọ̀ṣì kan fún ọmọ méjì ti tó fún sáà kan. Ọnàbólú bẹ̀rẹ̀ láìní olùkọ́ rárá, ó sì fi gbogbo ayé rẹ̀ jà kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè ní olùkọ́. Ẹni tó bá ń fi ọ̀dà kọ́ni lónìí, ìjà yẹn ló jogún. Kó kọ́ wọn ní wíwò, kó sì fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́.